Ẹranko Tí A Ń Bọ: Ti Ta Ni?

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa bi olùkọ́ rẹ̀, tí ọmọ ìjọ a sì máa bi àlùfáà rẹ̀, pàápàá ní àwọn ìlú tí igbó òrìṣà tàbí odò òrìṣà bá wà lẹ́bàá wọn. Ìbéèrè náà ni èyí: "Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé ọ̀bọ inú igbó òrìṣà, ọ̀bọ lásán ni; ẹja inú odò òrìṣà, ẹja lásán ni. Kí ni ó wá dé tí Kristẹni kò fi lè pa á kí ó sì jẹ ẹ́?" Ìbéèrè náà dún bí ẹni pé ó rọrùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ti fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀ pé, "Pa á kí o jẹ ẹ́, ẹran ni." Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ohun púpọ̀ fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kékeré náà, "lásán". Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin olùkàwé wa pé kí a jọ gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó mọ̀ pé a óò jíhìn níwájú Ẹlẹ́dàá wa fún ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ wa. Ó ti kan àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ rí. Ní ọdún 1864 ni a ya Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìhìnrere bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bonny, ní ilẹ̀ olómi tí ó wà níbi tí Odò Ọya ti ń wọ inú òkun. Ní Bonny ní ayé ìgbà náà, ẹranko kan wà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, èyíinì ni awọ́nríwọ́n, ẹranko tí ó dàbí alángbá ṣùgbọ́n tí ó lè gùn tó ìnàró ènìyàn láti orí dé ìrù. Ti Ikuba, òrìṣà ìlú náà, ni wọ́n kà á sí. Ẹranko yìí a máa rìn káàkiri láàárín ilé, a máa jẹ adìyẹ, a sì máa jẹ ẹyin adìyẹ, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi igi kàn án. Ẹni tí ó bá pa á, ì báà jẹ́ àjèjì tí ó bá ọkọ̀ dé, ọ̀ràn ńlá ni ó dá.

Ọba George Pepple, ẹni tí ó ti kọ́ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà lórí oyè nígbà tí ọ̀ràn náà dé orí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 1867, òun pẹ̀lú àwọn ìjòyè kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, awọ́nríwọ́n kì í ṣe òrìṣà Bonny mọ́. Bí a ti kéde rẹ̀ tán ni a bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n káàkiri ìlú. Ìròyìn náà dé etí àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì yọ̀ púpọ̀. Wọ́n kà á sí iṣẹ́gun ńlá fún ìhìnrere.

Kí a má ṣe yára dá àwọn bàbá wọ̀nyí lẹ́bi. Ẹni tí kò bá gbé lábẹ́ ẹ̀rù rí kò lè mọ ohun tí òmìnira jẹ́. Ìlú tí ẹ̀mí ẹranko bá níye lórí ju ẹ̀mí ẹrú lọ, ìlú náà kò tíì mọ Ọlọ́run tí ó dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀. Bí obìnrin tálákà bá ń wo adìyẹ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu awọ́nríwọ́n, tí kò sì lè la ohùn, ìdè ni ìdè náà ń jẹ́. Ẹni tí ó bá sì tú u, iṣẹ́ rere ni ó ṣe. Pé ọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ẹ̀dá kì í ṣe Ẹlẹ́dàá, òtítọ́ ni ó sọ, ó sì gba ìgboyà. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú láàárín wa.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde náà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkínní, a kéde pé ẹranko kì í ṣe òrìṣà. Èkejì, a pa ẹranko náà. Àwọn ènìyàn ka méjèèjì sí ohun kan náà, bí ẹni pé bí awọ́nríwọ́n bá ti kú, ìbọ̀rìṣà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Ẹ jẹ́ kí ohun tí ó tẹ̀ lé e dá wa lóhùn. Ní ọdún 1875, ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà, inúnibíni dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ní ìlú Bonny kan náà. Ẹrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joshua Hart kọ̀ láti jẹ oúnjẹ tí a fi rúbọ sí òrìṣà, a sì pa á nítorí rẹ̀. Awọ́nríwọ́n ti kú ní ìgboro, ṣùgbọ́n òrìṣà ṣì wà láàyè nínú ọkàn. Kì í ṣe ọ̀pá tí a fi lu ẹranko ní 1867 ni ó jẹ́rìí Kristi ní Bonny bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹrú náà, ẹni tí kò pa ohunkóhun, tí ó kàn sọ pé òun kò ní í jẹ ẹ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju èyí lọ. Ní ọdún 1727, Agaja ọba Dàhọ̀mì gbógun ti ìjọba Hueda, èyí tí ìlú Ouidah wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìgbà náà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Àwọn ará Hueda gbẹ́kẹ̀ lé òjòlá tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń pè ní Dangbe, pé òun ni yóò dá ọ̀tá dúró létí odò. Àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì rékọjá odò, wọ́n ṣẹ́gun ìlú, wọ́n sì pa àwọn ejò náà, wọ́n sì jẹ wọ́n. Bí pípa ẹranko tí a ń bọ bá lè pa ìbọ̀rìṣà, ọdún náà ni ìbá ti parí ní Ouidah. Ṣùgbọ́n títí di òní, ilé òjòlá wà níbẹ̀, ó dojú kọ ilé ìsìn ńlá ti àwọn Kátólíìkì, ọ̀nà nìkan ni ó là wọ́n láàárín. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn tí ó jẹ ejò náà ní 1727 kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá. Wọ́n ní òrìṣà tiwọn nílé. Nítorí náà, jíjẹ ẹran òrìṣà kò fi hàn pé ẹnì kan mọ Ọlọ́run. Ọ̀tá lè ṣe é, ọ̀lẹ lè ṣe é, ẹni tí ebi ẹran ń pa lásán náà lè ṣe é.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí Hesekiah ọba fọ́ ejò idẹ?" Lóòótọ́ ni. A kà á nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kejìdínlógún, pé ejò tí Mose fi àṣẹ Ọlọ́run ṣe di ohun tí Israẹli ń sun tùràrí sí, Hesekiah sì fọ́ ọ túútúú. Ó ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n idẹ ni ejò náà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, ọwọ́ ènìyàn sì lè tún òmíràn ṣe bí àyè bá wà fún un. Kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, kò ní ọmọ nínú ihò, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kò mí èémí ìyè sí i. Ère àti ẹranko kì í ṣe ọ̀kan náà. Ère, ìbọ̀rìṣà ni ó bí i; bí ìbọ̀rìṣà bá lọ, kò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹranko ti wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Ọlọ́run ni ó dá a, ó sì rí i pé ó dára. Kò bẹ̀ wá pé kí a sin òun, kò sì mọ̀ pé à ń sin òun. Ẹ̀ṣẹ̀ ìbọ̀rìṣà, ti ènìyàn ni. Èéṣe tí a ó fi gbé ìyà rẹ̀ lé ẹranko lórí? Àwọn àgbà wa sọ pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Mose fúnra rẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù, orí kẹjọ, Farao sọ fún un pé kí Israẹli rúbọ sí Ọlọ́run wọn ní ilẹ̀ Egipti níbẹ̀. Mose kọ̀, ó ní ohun tí àwọn yóò fi rúbọ jẹ́ ohun ìríra lójú àwọn ará Egipti bí a bá pa á níṣojú wọn, wọn yóò sì sọ àwọn lókùúta, ó bèèrè ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sínú aginjù. Òótọ́ ni pé ewu òkúta wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti rí odò di ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a pa á níṣojú wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé òrìṣà wọn kò lágbára." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìsìn Ọlọ́run ni ó ń wá, kì í ṣe ìtìjú aládùúgbò. Aposteli Paulu náà, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì lórí ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà, gbà pẹ̀lú àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ náà pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ fún wọn pé ìmọ̀ nìkan a máa mú ni gbéraga, ìfẹ́ ni í gbé ni ró. Ìbéèrè tí Paulu fi lélẹ̀ kì í ṣe pé "Ǹjẹ́ mo lè jẹ ẹ́?" bí kò ṣe pé "Kí ni jíjẹ tí mo jẹ ẹ́ yóò ṣe sí ẹlòmíràn?"

Àwọn oníṣòwò pàápàá ti mọ èyí rí, nítorí èrè tiwọn. Ní Brass, tí kò jìnnà sí Bonny, òjòlá ni àwọn ará ìlú ń bọ, òjòlá náà a sì máa wọ ilé àwọn òyìnbó tí ń ra epo pupa. Àwọn òyìnbó a máa pa á nínú àìmọ̀, ìjà a sì dé, ọjà a dúró. Nígbà tí ó di ọdún 1856, a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ìjòyè Brass ṣe, pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò gbọdọ̀ ṣe ejò náà ní ibi. Bí ó bá rí i nínú ọgbà rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí olórí ìlú kí ó wá gbé e lọ. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kò di abọ̀rìṣà nítorí èyí. Wọn kò bọ ejò. Wọn kò kàn pa á mọ́ ni. Bí ọkùnrin bá lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu báyìí nítorí epo pupa, ǹjẹ́ kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́?

Nísinsin yìí mo fẹ́ mú yín lọ sí abúlé méjì ní ilẹ̀ Ghana, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Boabeng àti Fiema, ní agbègbè Nkoranza. Àwọn abúlé náà súnmọ́ ara wọn, igbó kan sì wà láàárín wọn tí oríṣi ọ̀bọ méjì ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹdun, aláwọ̀ dúdú tí ìrù rẹ̀ funfun. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni pé ọmọ òrìṣà wọn ni àwọn ọ̀bọ náà. Nítorí náà a kì í pa wọ́n. Wọn a máa bọ́ sí ìgboro, wọn a máa gbé oúnjẹ nínú ilé ìdáná bí ìyàwó ilé bá yí ojú kúrò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, a ń sin ín bí ẹni sin ènìyàn.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìjọ Kristi kan ní àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí. Èrò ọkàn wọn kò ṣòro láti mọ̀: a ti dá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ òrìṣà, nítorí náà èèwọ̀ rẹ̀ kò mú wa mọ́. Wọ́n pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ba àwọn ará abúlé pé àwọn ọ̀bọ náà yóò run. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ìgbìmọ̀ àgbègbè Nkoranza sì ṣe òfin ní àárín àwọn ọdún 1970 kan náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ ní ilẹ̀ abúlé méjèèjì. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀bọ náà ti ń pọ̀ sí i. Lónìí, nígbà tí irú ẹdun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pátápátá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ìbọn àti gígé igbó, ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí a ti lè rí i láìfi wahala wá a ni ìgboro Boabeng àti Fiema.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó dùn wá. Àwa tí a ń sọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé a gba Ọlọ́run Baba Olódùmarè gbọ́, Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé, àwa ni a gbé ìbọn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò sì mọ orúkọ rẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n, àwọn ni ó dúró níwájú ìbọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí Ẹlẹ́dàá ni wọ́n ṣe dúró, bí kò ṣe nítorí ẹ̀rù òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù òrìṣà bá lè pa iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́, tí ìmọ̀ Ọlọ́run kò sì lè pa á mọ́, irú ìmọ̀ wo ni a ní?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rù ni olùṣọ́ tí ń ṣọ́ àwọn igbó wọ̀nyí, àti odò wọ̀nyí, àti ẹranko inú wọn, láti ìran dé ìran. Olùṣọ́ búburú ni. Ó ń ṣọ́ igbó, ó sì ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìhìnrere dé, ó sì lé olùṣọ́ náà lọ, bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, òun ni iṣẹ́ ìṣọ́ di ọwọ́ rẹ̀. A lé ẹ̀rù lọ, a kò sì fi olùṣọ́ mìíràn sí ipò rẹ̀. A kọ́ ọmọ pé kò sí òrìṣà nínú igbó. A kò kọ́ ọ pé Ọlọ́run ni ó ni igbó náà. A sọ fún un pé ọ̀bọ kì í ṣe ọmọ òrìṣà. A gbàgbé láti sọ fún un pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Nígbà tí ó rí igbó náà láìní olúwa, ó mú àáké àti ìbọn. Àwa ni a kọ́ ọ ní ìdajì ẹ̀kọ́, ìdajì ẹ̀kọ́ a sì máa ṣe ibi ju àìmọ̀kan lọ nígbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó kù kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Genesisi, orí kẹsàn-án, lẹ́yìn ìkún-omi, kì í ṣe Noa àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run bá dá májẹ̀mú, bí kò ṣe gbogbo ẹ̀dá alààyè tí ó ti inú ọkọ̀ jáde. Òfin tí a rí nínú Deuteronomi, orí kejìlélógún, kọ̀ fún ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ láti mú ìyá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ. Nínú ìwé Jona, Olúwa ka ẹran ọ̀sìn Ninefe mọ́ ìdí tí òun fi dá ìlú náà sí. Olúwa wa Jésù Kristi sì fi yé wa pé ẹyẹ ológoṣẹ́ tí kò tó nǹkan lọ́jà kò já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Baba. Ẹni tí ó bá ka nǹkan wọ̀nyí tán kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà, "lásán", mọ́. Kò sí ọ̀bọ lásán ní ilẹ̀ ayé Ọlọ́run.

Mo gbọ́ àtakò méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí: "Bí a bá dá ẹranko òrìṣà sí, a kò ha ń ran ìbọ̀rìṣà lọ́wọ́ bí?" Ìdáhùn mi ni pé kí a wo ohun tí a ń ṣe àti ìdí tí a fi ń ṣe é. Kristẹni kò gbọdọ̀ rúbọ sí ẹranko, kò gbọdọ̀ wólẹ̀ fún un, kò gbọdọ̀ bú u lọ́wọ́ tàbí sanwó ètùtù nítorí rẹ̀. Bí a bá fi ipá mú un, kí ó rántí Joshua Hart. Ṣùgbọ́n dídá ẹranko sí kì í ṣe ìsìn. Bí aládùúgbò mi bá dá igi kan sí nítorí ó rò pé iwin wà nínú rẹ̀, tí èmi sì dá a sí nítorí òjìji rẹ̀ àti nítorí Ẹni tí ó gbìn ín, igi kan náà ni, ṣùgbọ́n ọkàn méjì ni. Àní, ẹni tí ó bá ń pa ẹranko kí ó lè fi hàn pé kò sí òrìṣà nínú rẹ̀, òrìṣà náà ṣì ń darí rẹ̀. Ẹni tí ó ti dòmìnira nítòótọ́ lè kọjá lára ẹranko náà ní àlàáfíà.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: "Ènìyàn ńkọ́? Ẹranko tí ń jẹ àgbàdo tálákà, tí ń gbé adìyẹ opó, ṣé kí a máa wò ó ni?" Rárá o. Ènìyàn níye lórí ju ológoṣẹ́ púpọ̀ lọ. Olúwa wa kan náà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹranko bá kọlu ọmọ rẹ̀, kí ó gba ọmọ rẹ̀ là. Ẹni tí ó ń ṣọ́ oko rẹ̀, kí ó lé e. Kò sí ìfẹ́ ẹ̀dá tí ó gbọdọ̀ mú wa gbàgbé ọmọnìkejì wa, nítorí òun ni ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tí Bonny jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi orúkọ opó bojú. Àwọn tí ń gbé ìbọn lọ sínú igbó lóru kì í sábà jẹ́ opó tí a jẹ adìyẹ rẹ̀. Bí ìlú bá sì fẹ́ kí ẹranko wà, ẹrù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ súnmọ́ igbó nìkan. Kí gbogbo ìlú jọ gbé e. Ìdájọ́ òdodo sí ènìyàn àti àánú sí ẹranko kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irú ìṣọ́ yìí jẹ́ àjèjì sí ìgbàgbọ́ wa. Ìtàn sọ fún wa nípa Cuthbert Mímọ́, ẹni tí ó gbé ní erékùṣù Farne ní etí òkun àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì kú níbẹ̀ ní ọdún 687, pé ó fi ààbò rẹ̀ bo àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun tí ń yé sí ibẹ̀. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará agbègbè náà fi ń pe ẹyẹ náà. Kò sí ẹni tí ó bọ pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tiwa pẹ̀lú, ní ọdún 1990, ìgbìmọ̀ ìjọ Anglican ti gbogbo ayé fi ìtọ́jú ìṣẹ̀dá kún àwọn àmì márùn-ún tí a fi ń mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ìjọ. Iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni. Kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun wà, tí ó tó sáré ilẹ̀ tí a ń wọ̀n ní hẹ́kítà 75. Ní ọdún 1965 ni ìjọba sọ apá kan nínú rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2005 ni àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í sì gé igi rẹ̀. Nítorí náà ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi ní àárín ìlú ńlá. Lẹ́yìn odi rẹ̀, níbi tí àwa onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, tí ilẹ̀ jẹ́ tiwa láti ṣe bí a ti fẹ́, mélòó ni igi tí ó kù? Ẹ ronú nípa ẹdun pẹ̀lú, tí àwọn baba wa fi orúkọ rẹ̀ sọ àwọn ìbejì, tí ilé ìbejì kì í sì jẹ ẹran rẹ̀. Lónìí, orúkọ náà wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbejì ni ó dàgbà tí ó sì darúgbó tí kò fi ojú kan ẹdun rí. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ̀dá tí ó bá run tán, kò sí owó tí ó lè rà á padà.

Kí ni kí a ṣe? Mo rò pé ó mọ níwọ̀n. Kí olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ pé òrìṣà kò jẹ́ nǹkan kan má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà jáde kí ó tó gbọ́ pé ti Olúwa ni ayé àti ẹ̀kún rẹ̀. Kí ọmọ ìjọ tí ń gbé lẹ́bàá igbó òrìṣà má ṣe fi ẹran ibẹ̀ ṣe ọ̀nà láti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ yangàn. Bí ìlú bá pe ìpàdé lórí bí a óò ṣe dá igbó sí, kí Kristẹni lọ, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì dá owó tirẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Bí ó bá kan ẹbọ, kí ó fi ọ̀wọ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò. Ní àyíká ilé ìsìn wa àti itẹ́ òkú wa, níbi tí ilẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí a fi igi sílẹ̀ fún ẹyẹ, kí ẹni tí ń kọjá lọ lè bèèrè pé òrìṣà wo ni ó wà níbẹ̀, kí a sì lè dá a lóhùn pé kò sí òrìṣà kankan; Ẹni tí ó dá ẹyẹ ni a ń sìn níbẹ̀.

Nígbà náà ni a ó lè dá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bi wá léèrè lóhùn. A ó sọ fún un pé, "Ọmọ mi, òtítọ́ ni, kò sí òrìṣà nínú ọ̀bọ náà, má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti òrìṣà. Ó ní Olúwa, ìwọ pẹ̀lú sì ní Olúwa, Olúwa kan náà ni. Fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ."